Ọ̀kànléláàádọ́ta Nínú Àádọ́ta

Ẹni tó ni ìtàn yìí kò jẹ́ ká fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí. Ó ní àwọn tó yẹ kí òun fi bò fún ti mọ̀ tán, lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn òyìnbó. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, Ọláníyan lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Pobè ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da kásẹ́ẹ̀tì kọ fún oníbàárà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ wáàsí, ẹni tó bá fẹ́ orin ìjọ, ẹni tó bá fẹ́ sákárà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀, láti Towé títí dé Aguidi. Òun àti Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n tò sórí tábìlì gígùn: ọ̀kan ń kọrin, mẹ́rin ń dà á kọ. Ọláníyan ló ń tẹ ẹ̀rọ. Morónkẹ́ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

Òfin méjì ni bùtíìkì náà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù wọn, ní. Ẹ̀rọ kì í jókòó lásán: bí ẹ̀rọ ìdàkọ mẹ́rin bá wà lórí tábìlì, mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì rà púpọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀nì.

Pọtábù, ìyẹn fóònù alágbèéká, pa iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Morónkẹ́.

Oṣù kẹjọ nìyẹn tí wọ́n ti sin ín. Ọláníyan ṣì ń ṣí bùtíìkì láràárọ̀, ó ń nu eruku ara ẹ̀rọ, ó sì ń tì í nírọ̀lẹ́. Bí àjèjì bá béèrè ìyàwó rẹ̀, á ní ó wà ní Sakété, nílé bàbá rẹ̀. Kò parọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé àpò dúdú kọ́ ẹ̀yìn. Gaël ni wọ́n ń pè é, ọmọ Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n Sakété ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Pobè ni. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bí wọ́n ṣe ń júwe yín fún mi."

Ó ní olórin lòun. Ọláníyan wò ó látòkè délẹ̀. Kò rí gìtá, kò rí ìlù. Gaël ní ọ̀dínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, lòun fi ń ṣe orin òun, orin tí kò ní ìlù, tí kò ní ègbè, tí kì í sáré. Ènìyàn kì í jó o, ńṣe ló máa ń jókòó sínú rẹ̀. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí bàbá náà létí kó gbọ́ díẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá.

"Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" Ọláníyan béèrè.

"Ó ti ń parí lọ, Bàbá."

"Fíríjò tí a fi ń mú omi tutù bàjẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bó ṣe ń ké gan-an nìyí."

Gaël bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Fíríjò wà nínú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọn ò fẹ́ràn orin mìíràn ju irú èyí lọ. Wọn kì í sì fẹ́ kó pọ̀. Àádọ́ta péré lòun fẹ́ ṣe, lórí kásẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà máa wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan nínú àádọ́ta, èjì nínú àádọ́ta, títí á fi pé. Bó bá pé, òun á pe àwọn tó rà á jọ, òun á sì pa ìyá kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ lójú wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi da àwọn yòókù kọ.

"Kí ló dé tí o ò ṣe igba, kí gbogbo ènìyàn rí i rà?"

"Bí gbogbo ènìyàn bá lè rí i rà, Bàbá, kò sẹ́ni tó máa rà á."

Ọláníyan ronú sí i. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta kásẹ́ẹ̀tì, kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ń dá ni pé ọjà òun ń tó gbogbo ènìyàn.

"Ẹ̀nì ńkọ́?"

"Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀nì."

"Odindi àádọ́ta, o ò fẹ́ ẹ̀nì?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá lé, orúkọ mi bàjẹ́. Àwọn ènìyàn yìí mọ ara wọn. Wọn ò ní ra tèmi mọ́ láé."

"Mo ti gbọ́." Ṣùgbọ́n ó dùn ún. Kò tíì rí oníbàárà tó kọ ẹ̀nì rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ ìkíni sí ẹnìkan, tí onítọ̀hún fi tirẹ̀ sápò.

Gaël tún bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ orí pẹpẹ, bóyá òun á rí ohùn kan lò nínú orin náà. Ọláníyan ní kó máa wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ nǹkan mìíràn lé lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gaël ń fi wọ́n sí ẹ̀rọ, ó ń yọ wọ́n.

Ó fi ọ̀kan sí i. Ariwo díẹ̀, lẹ́yìn náà obìnrin kan sọ̀rọ̀.

"Ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣé ó ń wọlé?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ń wọlé."

Aṣọ ìnu-ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ Ọláníyan.

Bẹ́ẹ̀ ni Morónkẹ́ ṣe máa ń dán ẹ̀rọ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọ orin lé e lórí. Èyí nìkan ló bọ́. Pọtábù Morónkẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń pè, tí wọ́n fi ń dáhùn, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún oṣù mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ wà lórí pẹpẹ yẹn, láàárín wáàsí ọdún Iléyá àti orin Kérésì.

"Bàbá," ojú Gaël ń tàn, "ohùn ta nìyí?"

Ẹ wò ó, ìdáhùn náà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n Ọláníyan mọ ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ pé bí òun bá dáhùn ìyẹn, òun máa sunkún níwájú ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Obìnrin kan ni," ló wí. "Ó máa ń wá ra kásẹ́ẹ̀tì níbí."

"Ṣé kò ní bínú bí mo bá lo ohùn rẹ̀?"

"Kò ní bínú."

"Bóyá kí ẹ bá mi bi í?"

"Mo ní kò ní bínú."

Gaël yọ àlùmọ́gàjí kékeré kan. Ó fa okùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà síta, ó gé e ní ibi méjì, ó fẹ́ so orí rẹ̀ mọ́ ìdí kó lè máa yí po bí ẹ̀gbà ọwọ́. Okùn náà ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ibí yìí mú."

Ọláníyan bá a dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Gaël gbé ìyá kásẹ́ẹ̀tì dé. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo orin náà. Ó ní okùn tí òun gé ti já wẹ́wẹ́ níbi tó ti ń yí, òun sì ti pa ohun gbogbo rẹ́ lórí ọ̀dínátọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ṣèlérí. Kò sí i níbòmíràn mọ́ láyé àfi nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí.

Ọláníyan gbọ́ ọ tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró bí oyin inú àgbá ló kún inú rẹ̀. Ní apá ìparí ojú kejì, ìró náà rọlẹ̀, ohùn náà sì jáde ní mímọ́ gaara. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣé ó ń wọlé? Ó ń wọlé. Lẹ́yìn náà, fíríjò padà.

Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Ó kà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ náà. Ẹ bá a ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ mẹ́rin, ìgbà méjìlá, ìyẹn jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ó ku méjì. Ní ìgbà kẹtàlá, ẹ̀rọ méjì máa ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ méjì á jókòó.

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan sí ẹ̀rọ kìíní, ó fi ọ̀kan sí èkejì. Ó wo ẹ̀rọ kẹta. Ẹ̀rọ kẹta wò ó.

Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ó rántí ìlérí tó ṣe. Ó padà wọlé. Ẹ̀rọ kẹta ṣì la ẹnu sílẹ̀.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí oníbàárà bá kọ ẹ̀nì, ẹ̀nì náà kò torí ìyẹn di ohun àdánù. Ó yẹ kí ẹnìkan gbà á. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan sí ẹ̀rọ kẹta. Nígbà tó ti fi sí ẹ̀kẹta, ó wá dà bí ìwà ọ̀lẹ láti fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá fi méjèèjì sílẹ̀ láìkọ nọ́ńbà. Ẹlòmíràn ìbá tún nọ́ńbà kan kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọláníyan kì í ṣe èrú. Ó mú kálàmù, ó kọ 51/50 sára ọ̀kan, ó kọ 52/50 sára èkejì. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kódà nígbà tó ń jalè.

Gaël dé, ó ka àádọ́ta, ó pé. Ó dì mọ́ bàbá náà.

"Bàbá, ẹ bá mi fi ìyá kásẹ́ẹ̀tì pamọ́ títí ọjọ́ tí a máa pa á rẹ́. Bó bá wà lọ́wọ́ tèmi, àwọn ènìyàn lè ní mò ń dà á kọ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó máa fura sí yín."

"Òótọ́ ni," Ọláníyan dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbọ̀nà Sakété lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ràúdátù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Obìnrin ọlọ́dún méjìdínláàádọ́rin ni, ó ń ta aṣọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọláníyan bá a tún rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ rẹ̀ ṣe, ó fi èjìléláàádọ́ta sí i, àwọn méjèèjì jókòó.

"Kí leléyìí? Ṣé kúrá iná mànàmáná fẹ́ jó ilé mi ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Àǹtí."

"Ọláníyan, ìdajì wákàtí rèé. Ṣé ara rẹ le?"

"Ẹ ṣe sùúrù."

Ohùn náà dé. Ìyá Ràúdátù fi ọwọ́ bo ẹnu títí fíríjò fi padà.

"Tún un ṣe," ló wí.

Ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ o. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Aziz, àbúrò wọn ọkùnrin, nìkan ló sọ fún.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aziz ti gun alùpùpù dé Pobè.

"Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ fún Àǹtí, ẹ fi èmi sílẹ̀. Àbí kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa ni?"

Ta ló lè dá àna rẹ̀ lóhùn pé rárá lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìyá kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí. Ọláníyan gbé e jáde. Aziz béèrè ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìdàkọ mẹ́rin ló wà lórí tábìlì.

Mẹ́rin ló ṣe. Ẹ̀tàléláàádọ́ta dé ẹ̀rìndínlọ́gọ́ta.

Kò pẹ́ tí mẹ́ta tó kù fi rí olówó orí. Bàbá kékeré kan ní Ita-Djèbou gba ọ̀kan. Ìyá kékeré kan gba ọ̀kan. Ràúdátù, ọmọ Àǹtí, fúnra rẹ̀ gba ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn tún dé, tó ní òun ló gbé Morónkẹ́ pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹyọ kan lòun náà fẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́rin tún ṣiṣẹ́.

Ó di ọgọ́ta, ẹbí náà ló sì gba mẹ́ta tó kù.

Gbogbo wọn ló kìlọ̀ fún pé àṣírí ni. Gbogbo wọn ló pa á mọ́, bí ẹbí ṣe ń pa àṣírí mọ́: wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹbí. Àwọn rédíò tí adìyẹ ń yé lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n gbé wọn wá fún Ọláníyan kó tún wọn ṣe. Bùtíìkì tún kún bíi ti àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn. Nǹkan tó ń dùn ún nípa ara rẹ̀ lónìí nìyẹn, pé inú òun dùn.

Ọjọ́ pípa rẹ́ pé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́ta ọ̀sán, ní àgbàlá àwọn ẹbí ìyá Gaël ní Sakété. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló wá láti Kútọnú àti Àjàṣẹ́, pẹ̀lú òyìnbó méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí wọ́n wá láti Bẹ́ljíìkì. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀. Gbohùngbohùn ńlá méjì wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ọláníyan gbé ẹ̀rọ kan àti ìyá kásẹ́ẹ̀tì dé. Gaël fà á dé àárín.

"Bàbá yìí ni," ó sọ ọ́ lédè Faransé. "Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àádọ́ta ti jáde."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kásẹ́ẹ̀tì 51/50 wà nínú àpò àyà rẹ̀. Kì í fi sílẹ̀ nílé mọ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò dijú. Àwọn kan dùbúlẹ̀. Obìnrin kan ládùúgbò tó yọjú láti ẹnu ọ̀nà bi Ọláníyan pé, "Kí ni wọ́n jẹ?"

Bí ojú kìíní ṣe parí, tí wọ́n yí i sí ojú kejì, Gaël jókòó sídìí tábìlì, ó ń fọwọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì àwọn tó mú tiwọn wá. Méjìlá nínú àádọ́ta. Ọgbọ̀n nínú àádọ́ta. Òyìnbó ọkùnrin náà mú kẹsàn-án wá, ó fi aṣọ funfun wé e.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn àgbàlá ṣí.

Ìyá Ràúdátù ló kọ́kọ́ wọlé, ó wọ léèsì, ó wé gèlè. Aziz tẹ̀ lé e, àti bàbá kékeré láti Ita-Djèbou pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àti àwọn yòókù, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n wọ aṣọ bí ẹni tó ń lọ sí ìsọmọlórúkọ. Ọwọ́ kálukú di kásẹ́ẹ̀tì kan mú.

Ọláníyan sáré pàdé wọn.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo wá ṣe kẹ̀? Wọ́n fẹ́ lo ohùn ọmọ wa ní gbangba, kí á máa jókòó sílé? Aziz ní olórin náà ń fọwọ́ sí i fún gbogbo ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá." Ó ti dé ìdí tábìlì. "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bá mi fọwọ́ sí èyí."

Gaël rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbé kálàmù lé e. Ó dúró. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni pé nọ́ńbà náà á yí padà.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Kí ló ṣe é?"

Aziz na ẹ̀tàléláàádọ́ta sí i. Bàbá kékeré na èyí tó tẹ̀ lé e. Òyìnbó ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà sókè lédè Faransé, ó tún un kà. Àwọn tó dùbúlẹ̀ lajú. Àwọn kan ti dìde.

Gaël wo Ọláníyan lójú.

"Bàbá, mélòó lẹ ṣe?"

"Àádọ́ta."

"Bàbá."

"Àádọ́ta," Ọláníyan tún wí. "Pẹ̀lú ẹ̀nì."

Ẹnìkan pòṣé. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀nì mélòó?"

"Mẹ́wàá."

"Ẹ̀nì mẹ́wàá lórí àádọ́ta! Bàbá, ẹ̀nì nìyẹn àbí ọjà?" Ó ju kálàmù sílẹ̀. "Mo sọ fún yín. Ẹyọ kan ṣoṣo, mo ní orúkọ mi á bàjẹ́. Ẹ ní ẹ ti gbọ́."

Ìyá Ràúdátù gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Dúró ná, ìwọ ọmọ yìí. Kí lo ń jágbe mọ́ àna wa fún? Ohùn àbúrò mi ló wà nínú nǹkan tí ẹ̀ ń tà káàkiri ayé. Bí a bá ní ká pín in, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn?"

Gaël yíjú sí i. "Àbúrò yín? Àbúrò yín wo?"

"Morónkẹ́! Ìyàwó ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn!"

"Rárá, Ìyá. Bàbá ní obìnrin kan tó máa ń wá ra kásẹ́ẹ̀tì ni."

Fíríjò nìkan ló ń ké nínú gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà, òun náà rọlẹ̀.

"Ení, èjì, ẹ̀ta," Morónkẹ́ wí lábẹ́ igi máńgòrò, ohùn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe tóbi rí lọ. "Ṣé ó ń wọlé?"

Kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí.

"Ó ń wọlé."

Ìyá Ràúdátù ń wo Ọláníyan. Kò jágbe. Ìbá sàn kó jágbe.

"O ní ta ni?"

Ọláníyan wolẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó bímọ fún ọ. Wọ́n bi ọ́ pé ta ni, o ní oníbàárà ni?"

Gaël ti jókòó sílẹ̀. "Àlùmọ́gàjí ni mo fi gé e," ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Bàbá, mo bi yín. Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, gbogbo rẹ̀ ni ǹ bá kó fún yín. Ǹ bá má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún Ọláníyan jù. Gbogbo ohun tó jí ni wọn ì bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àárín ìyẹn ni òyìnbó ọkùnrin náà rọra sún mọ́ Ìyá Ràúdátù. Ó ń na ìkẹsàn-án rẹ̀ sí i, ó ń tọ́ka sí èjìléláàádọ́ta. Aziz túmọ̀ rẹ̀ pé ó fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ní òun á fi owó sí i. Ó ní èyí tó lé yìí ṣọ̀wọ́n gan-an ju àwọn yòókù lọ.

"Sọ fún un pé a kì í ta ènìyàn," Ìyá Ràúdátù dáhùn.

Ó ku pípa rẹ́. Gaël ní òun ò lè ṣe é mọ́, nígbà tí òun ti mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìlérí ni ìlérí. Ìyá Ràúdátù ló parí ọ̀rọ̀ náà.

"Bó bá jẹ́ ìlérí lo ṣe, mú un ṣẹ. Ẹlẹ́nu méjì kan ti tó fún òní. Tiwa wà lọ́wọ́ wa." Ó na ọwọ́ sí Ọláníyan. "Tìrẹ dà?"

Ọláníyan fi ọwọ́ bo àpò àyà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Oníbàárà rẹ ni. Kí lo fẹ́ fi ohùn oníbàárà ṣe? Gbé e wá."

Ó yọ ọ́. Ó fi sí i lọ́wọ́. Ìyá Ràúdátù sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti tábà, ó sì pa á dé.

Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà rò pé a kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni, tí ohun gbogbo á pa rẹ́. Rárá o. Bí orin bá gùn tó ni pípa rẹ́ rẹ̀ ń gùn tó. Ọláníyan jókòó ti ẹ̀rọ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń wo bí okùn náà ṣe ń lọ. Kò sí ìró kankan. Àwọn àlejò tún dijú, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òyìnbó obìnrin náà nu ojú, ó ní ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn.

Orúkọ Gaël kò bàjẹ́. Ó kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó rà á, ó sọ òtítọ́ fún wọn. Ènìyàn mẹ́ta bínú. Àwọn yòókù béèrè bóyá ẹnìkan fẹ́ ta nínú mẹ́wàá tó lé. Kò sẹ́ni tó ta. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó tẹ̀ lé e tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì bẹ Ọláníyan pé òun náà ni kó dà á kọ. Ṣùgbọ́n ó dúró tì í, ó ń ka gbogbo rẹ̀.

Èmi tí mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀ bi í pé ẹ̀kọ́ wo ni kí n sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé pé ó kọ́. Ó ní bí wọ́n bá bi ènìyàn pé ohùn ta nìyí, kó dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó lọ sí Sakété. Ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Ràúdátù.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mo wá nítorí kásẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà. Máa lọ."

Ó padà sí Pobè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ.

"Ta lo wá gbọ́?" Ìyá Ràúdátù béèrè láti inú ilé.

Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó dúró síbẹ̀ títí ojú fi tì í níwájú àwọn tó ń kọjá, ó sì gun ọ̀kadà padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò pa á lójú ọ̀nà. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn.

"Ta lo wá gbọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé kò ní orúkọ ni?"

"Morónkẹ́."

"Ó dà?"

Àwọn ọmọ iléèwé méjì ń kọjá. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àgbàlagbà tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Kò nu ojú.

"Ó ti kú, Àǹtí. Morónkẹ́ ti kú."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ràúdátù ju aṣọ gbígbẹ kan sí i, ó fi àga hàn án. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò, ó tẹ̀ ẹ́. Fíríjò bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọláníyan na ọwọ́ láti sáré yí i dé ibi tí ohùn náà wà.

Ìyá Ràúdátù gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Jókòó," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ la máa gbọ́."